Ọ̀gá Prẹ́ẹ̀sì ti Command

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Command, l'Ékòó, láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi káàdì akọ̀ròyìn kọ́rùn níbi tó ti ń ra ẹ̀wà àgànyìn, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ọ̀gá Prẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Káàdì yẹn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ ilé ìwẹ̀ ló ń lọ. Ìmọ̀ ìtàn ló ń kà ní LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́, àmọ́ ẹ bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, kò ní sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ lòun. "Akọ̀ròyìn eré ìdárayá ni mí." Ìyá rẹ̀, tó ń ta èlò ọbẹ̀, á kàn mí kanlẹ̀.

Láti Command dé Ọ̀jọ́ kì í ṣe ọ̀nà kékeré. Á wọ ọkọ̀ dé Ìyànà Ìpájà, á tún wọ òmíràn gba Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò já sí Ìyànà Ìbà. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo pé kí wọ́n mú ṣéńjì dání. Òun ń ṣàlàyé ibi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Arsenal ti ṣìnà fún màmá tó jókòó tì í. Kó tó dé pápá LASU tí àwọn ẹ̀ka ti ń figagbága, wọ́n ti ń gbá ìlàjì kejì. Á rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì: "Ọ̀rẹ́ mi, mélòó-mélòó ni?" Ohun tí ìyẹn bá sọ ni ìròyìn.

Ìròyìn náà ńkọ́? Ẹ ó rò pé ogun Jálumi ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Lọ́ọ̀ àti Akáǹtìn ta ọ̀mì, kan sí kan, òun kọ ọ́ pé ilẹ̀ mì tìtì, pé ìtàn ti yí padà. Àwọn tó wá wòran kò kún dánfó mẹ́ta, oníbúrẹ́dì sì wà lára wọn.

Ó gbọ́ pé Ernest Okonkwo, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ló fún agbábọ́ọ̀lù Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí lórúkọ "Mathematical" lórí rédíò, pé òun náà ló pe agbábọ́ọ̀lù Adokie Amiesimaka ní "Chief Justice" torí pé òfin ni ìyẹn ń kà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan ní Akáǹtìn di "Gómìnà Báńkì Àpapọ̀". Aṣọ́lé tí bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta di "Odi Ìbàdàn". Okonkwo, ẹ jọ̀ọ́, máa ń wo bọ́ọ̀lù kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin kan fi Lọ́ọ̀ sílẹ̀ lọ sí ẹ̀ka mìíràn nítorí pé máàkì rẹ̀ kò tó, Ọ̀gá Prẹ́ẹ̀sì gbé fọ́tò rẹ̀ síta, ó kọ "Here we go!" sí i lórí bíi Fabrizio Romano, akọ̀ròyìn tó ń kéde agbábọ́ọ̀lù tó ń pààrọ̀ ẹgbẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti ń bọlá fún un. "Ọ̀gá Prẹ́ẹ̀sì, ta ló máa wọlé lálẹ́ yìí?" Onígbàjámọ̀ ti gbé kílípà sókè; irun oníbàárà ku ìlàjì. Òun á kọ́kọ́ wo àjà. "Chelsea. Ẹ lọ ta tẹ́tẹ́ rẹ̀." Wọ́n ta á, oníbàárà náà ta á. Chelsea jẹ ìyà mẹ́ta sí òdo. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìnkùlé ni Ọ̀gá Prẹ́ẹ̀sì gbà lọ sílé.

Owó oṣù kò sí. "Owó ọkọ̀" tí wọ́n bá rọ sí i lọ́wọ́ ló wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rọ ọ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá di ọlọ́gbọ́n inú ìwé, lọ́jọ́ tí wọn kò bá rọ ọ́, "ọ̀pọ̀ ń béèrè bóyá ó tó iṣẹ́ náà ṣe."

Tó bá jáde ìwé, tí orí bá bá a ṣe é, ibùdó àgùnbánirọ̀ Ìyànà Ìpájà ni wọ́n máa gbé e sí, ibi tí ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ lè dé kó tó tutù. Yóò wọ OBS, rédíò ibùdó, yóò sì máa fi ohùn jí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan le. Brila FM, rédíò eré ìdárayá àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti wà láti 2002, ṣùgbọ́n kò lè gba gbogbo wọn. Ọ̀dọ̀ Ọ̀nọ́rébù kan tó ń ṣe ìdíje àdúgbò nítorí ìbò ni yóò fàbọ̀ sí, yóò máa pè é ní "Bàbá Eré Ìdárayá".

Èyí tó ń bí mi nínú ni pé iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Láti 1966, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ni àwọn yunifásítì ti ń ṣe NUGA, ìdíje eré ìdárayá wọn. UNILAG gbà á lálejò ní 2022. HiFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì, náà bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ẹ bi Ọ̀gá Prẹ́ẹ̀sì pé ta ló gba wúrà nínú eré sísá àwọn obìnrin ní NUGA ti UNILAG lọ́dún 2022, yóò ní òun ń bọ̀ wá pè yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá pàdé rẹ̀ ní Command, ẹ bá mi sọ fún un pé àwọn obìnrin ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, aago mẹ́rin. Kó tètè kúrò nílé, kó sì kọ orúkọ ẹni tó bá jẹ góòlù bí ìyá onítọ̀hún ṣe sọ ọ́.