Gírámà Bíìgì ní Gúúsù Èkìtì

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ bí nǹkan ṣe tó, "big" wà lára àwọn tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ń mọ̀, òun náà sì ni àgbàlagbà máa ń pẹ́ kí ó tó mọ̀ ọ́n lò. Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti àwọn ìletò tó yí wọn ká ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi ń yán ọ̀rọ̀ orúkọ. Ó ti di oyè tí a kì í jẹ láàfin, tí a kì í wúyè rẹ̀, tí kò sì sí afọbajẹ tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Nítorí pé Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì bíi g parí ọ̀rọ̀, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti di bíìgì, sílébù mẹ́ta gbáko, èyí tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà gan-an sanra lẹ́yìn tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ èdè kò rí orírun rẹ̀ dì mú: ní nǹkan bí ọdún 1300 ni ó yọjú nínú ìwé ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó sì túmọ̀ sí nígbà náà ni alágbára. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí owó ẹni tí ń jẹ́ Bíìgì lónìí pẹ̀lú kò ní orírun tí ẹnikẹ́ni rí dì mú.

Ẹni náà kò ṣòroó dá mọ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yé àwọn ará ilé rẹ̀ ju pé ó jẹ mọ́ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kọngílá, ìyẹn ẹni tí ìjọba gbé iṣẹ́ fún tí ó sì ṣeé ṣe kí ó ṣe é. Àbújá tàbí Èkó ni ó ń gbé. Kérésìmesì, ọdún Àjíǹde àti ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe ọdún Ọlọ́sùnta, òrìṣà àpáta tí Ìkẹ́rẹ́ ń bọ lọ́dọọdún, ni ó ń gbé ọkọ̀ jíìpù dúdú rẹ̀ wá sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di ọmọ ìjọ tuntun tí ó sì máa ń ṣàlàyé fún olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ pé òun kàn wá kí àwọn ará ilé ni.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ gírámà ọ̀rọ̀ yìí ni pé nínú èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, tóbi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpèjúwe rárá. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni, ẹgbẹ́ kan náà ni ó wà pẹ̀lú jẹ, lọ àti kọ́lé, èyí tó mú kí ó dà bí ẹni pé ẹni tó tóbi ń ṣe nǹkan kan, tí ẹni tó bá sì láyà lè bi í pé kí ni ó ṣe tí ó fi tóbi. Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ nínú ìbéèrè yẹn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn kàn wà ní big ni, bí òkúta ṣe wà ní òkúta, kò sí ẹni tí ń béèrè ìwé ìṣirò owó lọ́wọ́ òkúta. Ohun tó jẹ́ kí Bíìgì fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà tán.

Ṣùgbọ́n orí ìfiwéra ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Wọ́n fi orin kọ́ ọ ní kíláàsì pé "big, bigger, biggest", ìyẹn ìpele mẹ́ta tí gírámà Gẹ̀ẹ́sì pín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí: ti nǹkan kan tó dá dúró, ti nǹkan méjì tí a fi wé ara wọn, àti ti èyí tó borí gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ilé òun ju ti ẹlòmíràn lọ ní láti dárúkọ ẹni tí ó jù, àárín ju àti lọ gan-an ni orúkọ náà yóò sì jókòó sí, onítọ̀hún yóò gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Odò-Ọjà ní Ìkẹ́rẹ́ kì í pẹ́ kí ó tó dé Uro, àdúgbò mìíràn níbẹ̀. Bí ó bá yọ orúkọ náà kúrò, tí ó ní ilé òun tóbi jù, ohun tí àwọn olùgbọ́ yóò gbọ́ ni pé ilé náà ti kọjá bí ó ṣe yẹ, èyí tí í ṣe èrò bíríkìlà tó kọ́ ọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti wa ìpìlẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó gbà á láyè láti pe ilé rẹ̀ ní "bigger" kí ó sì dákẹ́, kí olúkúlùkù aládùúgbò máa ro ó lọ́kàn ara rẹ̀ bóyá tòun ni wọ́n ń bá wí. Ilé náà ní òpó mẹ́jọ níwájú, yàrá inú rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí ń sùn níbẹ̀ lọ, ẹni kan ṣoṣo tí ń sùn níbẹ̀ bí kì í bá ṣe àsìkò ọdún ni ẹni tí wọ́n ní kí ó máa ṣọ́ ọ, yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ géètì ni ìyẹn sì ń sùn.

Níbi tí Bíìgì máa ń ṣìnà ni pé ó fẹ́ kí ìfiwéra náà dájú, ó sì ń sọ pé "more bigger", ìyẹn ìfiwéra lórí ìfiwéra, bí ẹni tó wọ agbádá méjì. Ó ṣe é láṣìṣe níbi tí kò yẹ. Gúúsù Èkìtì kún fún olùkọ́: láti òpin àwọn ọdún 1970 ni Ìkẹ́rẹ́ ti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni, tí ó ti di yunifásítì báyìí tí a sì fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà sọ, ọmọ ìlú náà tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Kò sí àpèjẹ kan níbẹ̀ tí tíṣà fẹ̀yìntì kan kò ní sí ní ìjókòó, ẹni tó mọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn pé "more" àti "bigger" kì í bá ara wọn gbé. Tíṣà yìí á gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ á fà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì wá ṣọ́ọ̀kì tí kò sí lápò mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti ń retí owó àjẹmọ́nú rẹ̀, ó sì ti rí i pé àwọn ọmọ Bíìgì ń pín àpòòwé bọ̀ láti tábìlì iwájú; ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé gírámà lè ṣe sùúrù.

Èyí ni ó mú wa dé ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti gba owó. Karin Barber, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá àwọn ará ìlú Òkukù ní ilẹ̀ Yorùbá gbé ní àwọn ọdún 1970, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní ọdún 1981 tí ó fi òrìṣà wé ènìyàn ńlá: ó ní àwọn olùsìn ni wọ́n ń gbé òrìṣà ga gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọlẹ́yìn ṣe ń gbé ènìyàn ga, bí wọ́n bá sì kẹ̀yìn sí i, iyì rẹ̀ ń rẹlẹ̀ nìyẹn. Bíìgì kò ka àpilẹ̀kọ náà, ṣùgbọ́n òun ni ó ń san owó ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní bíìgì. Ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ pè é, ẹlòmíràn kì í sì í pè é lọ́fẹ̀ẹ́. Láti oríta tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti yà wọ ìlú ni àwọn ọ̀dọ́ yóò ti máa ké pé, "Bíìgì wa, ẹ káàbọ̀ sílé o! Àwọn ọmọ yín rèé o!" Ọ̀rọ̀ "ọmọ yín" yìí, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbátan bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ìdíyelé, ni wọ́n fi ń sọ iye tí àwọn jẹ́. Nílé, bàbá rẹ̀ kékeré tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún á jáde pẹ̀lú ọ̀pá, òun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nà án nígbà tó jí ẹ̀pà jẹ ní kékeré, á sì ní, "Bíìgì mi, ojú rẹ rèé?" Bíìgì á dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, nítorí ikùn kò jẹ́ kí ó dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó dìde ni ọwọ́ rẹ̀ á ti wọ àpò. Nígbà kan rí, gbangba ni ó ń ná owó náà lé àwọn onílù lórí. Abala 21 òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka nínáwó bẹ́ẹ̀ àti fífi ẹsẹ̀ tẹ náírà sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kà á sí kò pọ̀ títí di ọdún 2024 tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sí kóòtù. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi owó ránṣẹ́ sí fóònù onílù. Ó dùn ún púpọ̀, nítorí owó tí ń gba inú fóònù kọjá kì í jẹ́ kí àwọn tó jókòó rí i.

Ó tún ní àléébù kan tí kì bá tí ní bí ó bá wo iṣẹ́ ọnà ìlú rẹ̀ dáadáa. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó sì di agbẹ́gilére ní ààfin Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàrin nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Lára òpó kan tó wà ní Art Institute ti Chicago báyìí, ọba jókòó lórí ìtẹ́, olorì àgbà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, fìrìgbọ̀n, ó ga ju ọba náà lọ gan-an. Kì í ṣe pé Ọlọ́wẹ̀ kò mọ ìwọ̀n. Ẹni tí àṣẹ ìgbádélérí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi ààyè fún, ó jẹ́ kí ọba kéré kí a lè rí ohun tó gbé e dúró. Lára ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1924, tí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìlú Gẹ̀ẹ́sì sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ gbà lọ́wọ́ Ògògà, ọ̀gá òyìnbó tó wá kí ọba wà nínú àkéte tí àwọn aláàárù ń gbé, kò sì fi títóbi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Bíìgì, tí ó ti rí àwòrán òpó yìí lára kàlẹ́ńdà, ní kí agbẹ́gilére kan ṣe irú rẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà òun, ṣùgbọ́n kí ó yí i padà: kí ọkùnrin ga, kí obìnrin wà ní ìdí rẹ̀. Agbẹ́gilére náà ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò tó rí i rò pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń béèrè pé ìyàwó ńkọ́.

Ìyàwó náà, ní tirẹ̀, kò kọ́ ẹ̀kọ́ kankan. Bíìgì Mọ́mì ni àwọn ọmọ àbúrò ọkọ ń pè é nítorí pé ọkọ rẹ̀ ni àkọ́bí, ipò ìbí ni ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu wọn, kò ná an ní kọ́bọ̀ kan, kò sì sí ẹni tó lè gbà á.

Ìpele tó ga jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni ẹni tó bá ti di ògbóǹkangí máa ń dé, níbi tí kì í ti í fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí owó wọn pẹ́ ju tirẹ̀ lọ ní Àbújá pé òdìkejì rẹ̀, "small", ni àwọn ńlá ń lò. Láti ọjọ́ náà, ilé olópó mẹ́jọ di "my small house", ìkómọjáde tí wọ́n pa màlúù mẹ́ta fún di nǹkan kékeré tí a ń ṣe láàrin ara wa, àpòòwé tó wú bí iyán Èkìtì sì ń jáde pẹ̀lú, "Ẹ má bínú, kékeré nìyí." Ìrẹ̀lẹ̀ yìí ní òfin tirẹ̀: ohun tó bá kéré ní tòótọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kékeré. Ìgbà tí iṣẹ́ ìjọba bá dáwọ́ dúró tí àpòòwé sì fẹ́lẹ́ ní ti gidi, kì í sọ pé kékeré nìyí mọ́; ó ń sọ pé àwọn ohun ńláńlá ń bọ̀ lọ́nà.

Àwọn ọ̀dọ́ oríta mọ ìyàtọ̀ náà kí ó tó lanu. Wọ́n ṣì ń pè é ní Bíìgì, nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ di àṣà, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é láti orí ìjókòó.

Bí ó bá kú, wọn kì í kọ big sí ara àwòrán ìsìnkú rẹ̀. "Great" ni wọ́n ń kọ, ọ̀rọ̀ títóbi mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì pa mọ́ fún òkú àti ọba, kò sì sí ẹni tí ń béèrè owó rẹ̀ bí kò ṣe àwọn tí ń tẹ flex, ìyẹn aṣọ ọlọ́rá tí wọ́n ń tẹ àwòrán sí, tí a ń fi ẹsẹ̀ bàtà wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ kí a tó dá iye lé e. Àwọn ọmọ tó ti òkè òkun dé á ní àwọn fẹ́ èyí tí yóò bo géètì látòkè délẹ̀. Onítẹ̀wé á wọ̀n ọ́n, á ṣírò ó, á sọ iye rẹ̀. Wọ́n á ná an títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì gbà á ní ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè, níbi tí orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ àti "great" ti rí àyè gbà, tí onítẹ̀wé sì ní kí wọ́n yan méjì péré nínú àwọn oyè rẹ̀.