Ìta Ilé Nínú Àpò Ṣòkòtò

Ìta ni iwájú ilé ń jẹ́ ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí odidi àdúgbò fi ń jẹ́ ẹ: Ìta-Amọ̀, Ìta-Ògúnbọ̀, Ìta-Mẹ́rin. Ibẹ̀ ni àlejò ti ń gba omi mu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ́ ẹní fún sàráà. Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ìlọrin kúkú mọ ọ̀nà Sókótó. Láti apá ibẹ̀, ní Gwandu, ni àsíá Ẹmíà ti wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹni tó ń kọ́lé sí Táńkẹ̀ tàbí Adéwọlé lónìí kò tilẹ̀ rin ìrìn yẹn mọ́. Orí fóònù ló ti ń wá ìta, ó sì ti kó ṣòkòtò fún alágbàfọ̀ kí ó tó yẹ àpò rẹ̀ wò.

Ohun tó ń rí níbẹ̀ ni ọgbà ahéré àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: róòsì tó gun ẹnu ọ̀nà, láfẹ́ńdà tó tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ó ní ilé òun náà gbọ́dọ̀ máa kí àlejò káàbọ̀. Ó gé dongoyárò nítorí pé ewé rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Ó fi íńtálọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Omi òjò tí ilẹ̀ ì bá mu wá ń ṣàn lọ bá aládùúgbò, ooru ọ̀sán sì ń bá àlejò wọlé. Láfẹ́ńdà tó gbìn, ọmọ etí òkun Mẹditaréníà tí kì í fẹ́ kí ìdí òun rin fún omi, jẹrà nínú òjò oṣù Kẹsàn-án. Ó kan koríko oníke, tí kì í kú nítorí pé kò wà láàyè rí. Ògiri gàgàrà tí wọ́n to ìgò fífọ́ sí lórí ló wá parí ìkíni-káàbọ̀ náà.

Bẹ́ẹ̀, tálákà ló ni ọgbà ahéré ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Alágbàṣe oko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, ló ń gbin kábéèjì, àlùbọ́sà àti ewé egbòogi, tí òdòdó ń yọjú láàárín wọn. Àwọn aṣètò ọgbà bíi Gertrude Jekyll (1843–1932) ló sọ ọ́ di ọ̀ṣọ́ àgbàlá olówó. Ìyá àgbà tó gbin efínrín, ewúro àti ilá sí ìdí ògiri ní Ìdí-Àpẹ ti ní ọgbà ahéré tirẹ̀; kò kàn sí ẹni tó yà á ní fọ́tò ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò irú rẹ̀, ọ̀nà ni kó kọ́kọ́ là, kí ó gba ẹni méjì tó wọ agbádá. Kí ó fi ìyókù sílẹ̀ fún erùpẹ̀. Etí ọ̀nà ni ti efínrín, kí aṣọ àlejò máa gbá a, kí òórùn rẹ̀ máa jáde. Làálì ló yẹ ní ààlà: ó ṣeé gé bí ògiri, òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́ ń ta sánsán, ewé tí wọ́n bá gé kúrò ni wọn yóò lọ̀ fún ẹsẹ̀ ìyàwó. Ilá àti ìṣápá tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń fowó ra hibiscus kì í sábà mọ̀ pé ìbátan ilá ni: ìtànná ilá, aláwọ̀ ìyeyè tí inú rẹ̀ pọ́n dúdú, kò kéré sí i lẹ́wà, èso rẹ̀ sì ń dọbẹ̀. Ìṣápá pupa ń di sóbò. Kí igi ìbòòji kan jìnnà díẹ̀ sí ìpìlẹ̀ ilé, kí bẹ́ǹṣì àti búùtà omi àlùwàlá wà lábẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ àdúgbò yóò wá yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ọparun díẹ̀ ni kí ó fi ṣọgbà yí ibẹ̀ ká títí igi yóò fi dàgbà.

Òjò Ìlọrin ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, ó sì ń kásẹ̀ nílẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá. Ọ̀pá làálì tí wọ́n bá rì mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí múlẹ̀ yóò ti ta gbòǹgbò kí ọyẹ́ tó dé, kò sì ní máa retí omi ẹ̀rọ.