Ilé Là Ń Wò Ká Tó Ra Dátà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹ dojú fóònù yẹn dé fún ìgbà díẹ̀. Kò ní kú. Àwọn baba wa ló sọ ọ́ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Mo ti wá dàgbà tó ẹni tó rí ìran tó ń gun igi ní tòótọ́, tí wọ́n na ọwọ́ sókè ọ̀run, tí wọ́n ń yí ojú síhìn-ín sọ́hùn-ún láàárín ewé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ń wá. Wọn ò rí i.

Kì í ṣe igi tí wọ́n gùn ló dùn mí. Ohun tó dùn mí wọ egungun ni pé ẹni tó wà lórí igi yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra dátà ni. Ó fi ayọ̀ rà á, ó ra èyí tí GB rẹ̀ pọ̀ jù lọ, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ilé-iṣẹ́ tó tà á fún un ní òpó kankan nítòsí abúlé tó ń lọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin sọ ọmọ lórúkọ tán, ẹ wá ń wá ilé kiri orí máńgòrò.

Kí n tó tún ayé yín ṣe, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí a ti ń bọ̀. Láyé NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ẹni tó ní tẹlifóònù nílé, èèyàn pàtàkì ni. Àwọn aládùúgbò á wá sí pálọ̀ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á dúró de ìpè láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ilé kan wà tí baba ilé fi àgádágodo ti ojú nọ́ńbà rẹ̀ pa, tó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ṣòkòtò. Ìkóra-ẹni-níjàánu là ń pè é. Kì í ṣe ahun.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN gbé GSM dé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún náírà la fi ra káàdì SIM lásán, kò tíì kan fóònù fúnra rẹ̀. 50 náírà ni ìṣẹ́jú kan, bí èèyàn bá sì fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré sọ̀rọ̀, owó odidi ìṣẹ́jú ni wọ́n á yọ. Síbẹ̀ a kí ara wa. Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé dáadáa lẹ jí, ilé ńkọ́, àwọn ọmọdé ńkọ́, bàbá ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́: ká tó débi ọ̀rọ̀, 50 náírà ti lọ, a sì fara mọ́ ọn, nítorí pé ilé tí wọ́n ti kọ́ wa la ti wá. Lónìí tí ìkíni lórí WhatsApp kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ohunkóhun nínú dátà, ẹ̀ ń kọ “Gm sir” sí baba tó bí yín lọ́mọ. Ta lẹ̀ ń bá ṣọ́ owó?

Ìgbà tó di oṣù kẹjọ 2003, Glo dé, ó ní ìṣẹ́jú-àáyá lòun yóò máa kà. Àwọn yòókù náà wá rí i nígbẹ̀yìn pé ó ṣeé ṣe. Gbogbo ayé yọ̀. Èmi nìkan ni mo mi orí, nítorí mo mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn lọ, ọmọ aráyé á máa gé ọ̀rọ̀ jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Àwọn kan dẹnu ìfẹ́ kọ obìnrin, wọ́n gba èsì, wọ́n sì pa fóònù, kí 10 náírà tó pé.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. SIM kan wà lọ́wọ́ mi tó ń jẹ́ Econet nígbà tí mo rà á. Ó di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, kó tó wá di Airtel ní 2010. Èmi kò kúrò lójú kan, orúkọ ló ń ṣí kiri. Etisalat náà di 9mobile ní 2017, ó tún di T2 ní 2025. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pààrọ̀ SIM nítorí 500MB ọ̀fẹ́, kí lẹ mọ̀ nípa ìfaradà?

Ẹ jẹ́ ká wá wo dátà fúnra rẹ̀. Ìyá tó mọ ọjà ná kì í bèèrè iye gaàrí kó sì dákẹ́; kóńgò ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bóyá wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Dátà náà ní kóńgò tirẹ̀. Ọjọ́ tí yóò kú ni ìdí tó wọnú yẹn. Ká ní ẹnìkan fi 1,500 náírà ra 5GB tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 7, tí ẹnìkejì sì fi 1,500 náírà kan náà ra 2GB tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 30. Ẹni àkọ́kọ́ á máa yan kiri àdúgbò pé 300 náírà ni 1GB bọ́ sí fún òun, pé 750 náírà ni wọ́n ta á fún ọ̀gbẹ́ni kejì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìròyìn nìkan ló ń kà, tí ìdajì GB sì tó o lọ́sẹ̀, 4GB àti ààbọ̀ ló máa kú sí i lọ́wọ́ bí ọjọ́ keje bá pé. Á tún rà, á tún rà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 6,000 náírà ló ti ná láti lo 2GB tí ẹnìkejì fi 1,500 náírà lò. Ìyàn tó ń yan lówó lórí.

Ẹni tó ń wo fídíò lọ́sàn-án lóru, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Wákàtí kan fídíò tó mọ́ kedere lè gbé tó 3GB mì, nítorí náà 2GB olóṣooṣù kò ní bá a dé ìparí eré kan. Kí oníkálùkù mọ iye tó ń lò kó tó lọ rà. Fóònù ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ nínú sẹ́tíǹgì, áàpù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tó jẹ. Pẹ̀lú gbogbo ìwé ẹ̀rí yunifásítì tó wà ní ilé yín, ẹnìkan ò tíì ka àkọsílẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà, bónọ́ọ̀sì. Ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ wínníwínní sísàlẹ̀. Dátà kan wà tó jẹ́ pé láti aago méjìlá òru sí aago márùn-ún ìdájí nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá lajú sílẹ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, bí kò bá jẹ́ ọdẹ, olè ni. Bí kò bá jẹ́ olè, àjẹ́ ni. Lónìí, ó ń dáńlóòdù fíìmù. Èyí tí wọ́n sì pè ní aláìlópin, òpin wà níbẹ̀: bí ẹ bá lò ó kọjá ìwọ̀n kan, wọ́n á dín iyára rẹ̀ kù. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ṣùgbọ́n fídíò tó ti ń yí róbótó láti àárọ̀, èmi ò lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ẹ ó ní dátà ti wọ́n. Ó wọ́n. Ní oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn, lẹ́yìn tí owó náà ti wà lójú kan láti 2013. Dísẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ òpó ń mu, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ra irinṣẹ́. Ní oṣù kejì, 15GB ọlọ́sẹ̀ kan lọ́dọ̀ MTN fò láti 2,000 náírà sí 6,000. Ariwo sọ, ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Síbẹ̀, ohun tó wọ́n tó báyìí, ẹ̀ ń fi í sílẹ̀ ní títàn, ẹ sì ń lọ sùn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn! Ní òru náà, áàpù á máa tún ara rẹ̀ ṣe, fọ́tò á máa gòkè lọ síbi ìpamọ́, fídíò ẹgbẹ́ ìdílé á sì máa já bọ́ fúnra rẹ̀: ẹnìkan tí ẹ ò mọ̀ ló ń jó níbi ìsìnkú tí ẹ ò lọ. Ilẹ̀ mọ́, dátà tán, ẹ ní wọ́n jà yín lólè.

Gbogbo ìṣirò yìí, asán ni bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yín. Ẹ fetí sílẹ̀, nítorí wọn ò kọ́ yín nílé. Ìgbì ló ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, irú 700, 800 tàbí 900 MHz, a máa rìn jìnnà, a sì máa la ògiri kọjá. Èyí tí 5G ń lò jù níhìn-ín, 3,500 MHz, ẹrù púpọ̀ ló ń gbé, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà, ògiri lásán sì ń dí i lọ́nà. Láti oṣù kẹsàn-án 2022 tí MTN ti tan 5G lẹ ti ń fi owó ìdána ra fóònù tó lè gbà á, tí ẹ sì ń gbé e lọ sí àdúgbò tí 3G gan-an ti ń tijú. Ẹni tó ń gbé nítòsí ẹnubodè, ní Ìdí-Ìrókò tàbí Ìmẹ̀kọ, kí ó tún pa roaming fóònù rẹ̀, kí ó má lọ so mọ́ òpó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n á kí i káàbọ̀ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n á sì yọ owó rẹ̀. Kò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kí ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kún má tàn yín jẹ. Iye èèyàn tí òpó kan lè gbé ní ìwọ̀n. Ẹ dé Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ ó rí i tí ọ̀pá kún fóònù bámúbámú tí fọ́tò kan ṣoṣo kò lọ, nítorí gbogbo ìlú ló fẹ́ fi ẹṣin kan náà han ayé ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹṣin náà wà níwájú yín. Ẹ wò ó. Ìgbà mìíràn, òpó kò tilẹ̀ jẹ̀bi: ní oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀yin sì ń pa fóònù, ẹ̀ ń tàn án, bóyá wáyà á gbọ́.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí, mi ò sì ní tún un sọ. Kí ẹ tó ra SIM, ẹ lọ bá oní-POS àdúgbò, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fi ń jẹun, ó sì mọ èyí tó ń kú bí òjò bá ṣú. Ẹ yá SIM aládùúgbò, ẹ gbé e wọ yàrá, ẹ dán an wò ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo ayé wà lórí rẹ̀. Bí ti yín kò bá dára mọ́, láti oṣù kẹrin 2013 ni ẹ̀tọ́ ti wà fún yín láti gbé nọ́ńbà yín lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn láìpààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kan ò sì wọ ọjà: ẹ ní SIM kejì. Ẹ tẹ *310# láti mọ iye owó tó kù, *323# láti mọ iye dátà. Ọ̀kan náà ni lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ jìnnà sí kírẹ́díìtì yíyá, tó jẹ́ pé ẹni tó yá 1,000 náírà, 850 ni wọ́n sábà máa ń kà fún un. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Mo mọ àwọn tó yá a tí wọ́n ju SIM náà nù nínú yín. Mi ò ní dárúkọ.

Ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọ̀hún pé hotspot ọmọ-ọmọ mi ni mo ń lò. Òótọ́ ni. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Àgbà tó bá mọ password á bá ọmọdé jẹ dátà. Ẹ̀kọ́ ìwà ni mo fi ń kọ́ ọ.

Mo ti sọ tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kí ó má pè mí, mò ń sinmi. Kí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. 4 náírà ni tẹ́lẹ̀. 2025 ló sọ ọ́ di 6. Kí ó rò ó dáadáa bóyá iyàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.