Ọ̀gá Ó-Ń-Bọ̀

Bingerville ni olú-ìlú Côte d'Ivoire títí di 1934, nítorí náà ohun tó ti kọjá ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ fi ń yangàn. Ti ọ̀gá kan tó ń ta páátì ọkọ̀ yàtọ̀, ọmọ Èjìgbò ni: ohun tí kò tíì dé ló fi ń ṣe fáàrí. Bí ẹ bá lọ ra púlọ́ọ̀gì, yóò kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ ti gbọ́ nípa fíìmù tó ń bọ̀.

Èyí tó wà ńlẹ̀ báyìí ni Children of Blood and Bone, tí wọ́n yà láti inú ìwé Tomi Adeyemi, tí wọ́n sì kéde fún oṣù kìn-ín-ní 2027. Viola Davis ló ṣe Mama Agba, ọkàn ọ̀gá wa ò sì balẹ̀: ta ló kọ́ ọmọ Amẹ́ríkà bí ìyá àgbà ṣe ń pòṣé? Ó ní òun ṣe tán láti lọ kọ́ ọ. Wọ́n ti ya fíìmù náà tán ní South Africa, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ fún un?

Lọ́dún tí A Tribe Called Judah ti Funke Akindele pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ, ọ̀gá wa ń ṣírò owó náà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pín in fún. Kò tíì wo fíìmù ọ̀hún dòní. Ilé sinimá Majestic ní Hôtel Ivoire, ní Cocody níbẹ̀, kò dé ibẹ̀ rí. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Faya lójú ọ̀nà ló máa ń fi ṣe àwáwí.

Èmi ò dá a lẹ́bi tán. Fídíò ayé àtijọ́ ló bà á jẹ́. Apá mẹ́ta ni Tunde Kelani pín Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ sí. Kásẹ́ẹ̀tì á bá bọ́ọ̀sì láti ilé wá, á gba Kútọnu, Lomé àti Accra kọjá, ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti dé góńgó ni wọ́n á ti ní ká máa retí apá kejì. Ẹni tó fi èyí dàgbà, ìrètí ló mọ̀ ọ́n wò.

Oṣù kẹsàn-án 2022 ni Aníkúlápó ti Kunle Afolayan bọ́ sórí Netflix, lẹ́yìn tí ọ̀gá wa ti polówó rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ìyàwó rẹ̀ ṣí i sórí fóònù.

“Bàbá Ìbejì, ẹ wá wò ó, ó ti jáde o.”

“Ìwọ àtàwọn ọmọ ẹ máa wò ó. Apá kejì lèmi ń retí.”

Apá kejì dé lóòótọ́ ní 2024. Ó ní ìkẹta ló máa dùn jù.