Àwòrán Ló Ni Pálọ̀

Nǹkan méjì péré ni ìyàwó mi tọrọ nígbà tí a fẹ́ kọ́lé sí Akóbọ́, n'Íbàdàn: ilé ìdáná tó gbòòrò, àti tọ́lẹ́ẹ̀tì fún àlejò. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ilé oúnjẹ kọ́ là ń kọ́, ilé ọnà ni. Àlejò yóò máa rìn jẹ́jẹ́ nínú pálọ̀, ife lọ́wọ́, yóò dúró níwájú àwòrán kan, yóò mirí, yóò bọ́ sí òmíràn. Ìyàwó mi wò mí títí.

"Dádì, ta ló ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ẹbí yín?"

N kò dá a lóhùn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa tọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn rẹ́ lórí pláànù, mo sọ ibẹ̀ di kọ̀rọ̀ tí ère ẹlẹ́ṣin ńlá kan yóò máa gbé.

Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, ló kó sí mi lórí. Mo ti dé ilé tó kọ́ sí Mọ́kọ́lá, mo ti jókòó nínú ilé ìjọsìn tó yà fún àwọn àlùfáà Dominican, n kò sì fẹ́ dìde. Nígbà tí wọ́n fún bàbá náà ní ẹ̀bùn Golden Lion níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ìkọ́lé ní Venice lọ́dún 2023, bí mo ṣe ń yọ̀, ẹ ó rò pé èmi ni wọ́n fún. Mo bá rántí àkòdì àwọn baba wa. Ẹni tó bá dàgbà sí agbo ilé àtijọ́ mọ̀ ọ́n: òrùlé á kọjú sí inú, òjò á máa dà sí àárín ilé, ìkòkò á gba tirẹ̀, ojú àgbàrá tó gba abẹ́ ògiri jáde á gbé ìyókù lọ. Mo ní kí wọ́n fi àárín òrùlé pálọ̀ mi sílẹ̀ gbayawu, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀run lè máa bọ́ sórí àwòrán.

Bàbá Ìbejì tó jẹ́ bíríkìlà wa họrí. "Ọ̀gá, òjò ńkọ́? Ibo lomi ń gbà jáde?"

Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ẹwà ná. Ó dákẹ́. Ẹ bẹ̀rù bíríkìlà tó bá dákẹ́. Iye tí yóò gbà nígbà tẹ́ ẹ bá padà pè é ló ń ṣírò.

Òjò ńlá oṣù kẹfà bá wa lójú oorun. Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sínú omi tútù. Sálúbàtà mi ẹsẹ̀ kan ń léfòó lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Ẹ̀pẹ́. Ilẹ̀ pálọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sọ́nà yàrá wa, n kò sì mọ̀ àfìgbà tómi fi hàn mí. Ilẹ̀ mọ́, mo pe Bàbá Ìbejì. Dígà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó dé. Táìsì tí mo fowó gọbọi rà ló fọ́ la àárín pálọ̀ já kó tó ri páìpù síta.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, oòrùn gba ojú kan náà wọlé. Ibi tó ń bọ́ sí gan-an ni mo fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ mi kọ́ sí, Ìbàdàndùn tí mo rà ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ya Ìbàdàndùn: òpó gbọ̀ngàn Mápó, ṣíbí láàárín wọn. Aró kì í bá oòrùn ṣọ̀rẹ́. Kó tó di Kérésì, òpó Mápó ti ṣá lọ ráúráú, ṣíbí nìkan la rí kà. Ìyàwó mi dúró síwájú rẹ̀, ó mirí. "Ilé oúnjẹ náà ni, ṣẹ́ ẹ rí i?"

Ilẹ̀kùn ńkọ́? Olówè Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ọ̀gọ̀gà Ìkẹ́rẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley lọ́dún 1924, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ kó di tiwọn, ìtẹ́ ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún kábíyèsí. Èmi náà ní màá ní ilẹ̀kùn ààfin. Agbẹ́gilére bẹ̀ mí pé kí igi gbẹ ná. Mo ní mo ti dá ọjọ́ ìṣílé. Ọyẹ́ fẹ́ sí igi tútù yẹn, ó lọ́, ó há. Kò ṣí, kò tì.

Bí gbogbo àlejò ìṣílé ṣe gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé nìyẹn, ọ̀pọ̀ ò sì kọjá ibẹ̀. Wọ́n bá ẹran díndín níbẹ̀, wọ́n gbà pé àwọn ti dé. Àwọn yòókù wà lábẹ́ kánópì lójú títì pẹ̀lú àwọn olórin. Pálọ̀ ṣófo. Èéfín igi àwọn alásè ń gba ojú àkòdì wọlé wá wo àwòrán.

Mo ti ta kọ́tìnnì bo ẹlẹ́ṣin mi, pé ìlù la ó fi ṣí i. Wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ò ju ti àwọn olórin lọ. Àbúrò bàbá ìyàwó mi, tí ẹmu ti ń dà láàmú, wọlé wá ibi tí yóò tọ̀ sí. Ó ká kọ́tìnnì, ó rí ọkùnrin kan tó jókòó nínú òkùnkùn. "Ẹ má bínú o," ó yára pa á dé. Alàgbà kan dé, ó bèèrè bóyá èèyàn wà ńbẹ̀. Bàbá náà ní wọ́n wà ńbẹ̀. Ìyá ìjọ kan tò sẹ́yìn wọn, ẹlòmíràn tò tẹ̀ lé e.

Nígbà tí èmi àti onílù máa fi dé, ìlà ti gùn dé àárín pálọ̀, gbogbo wọn kọjú sí kọ́tìnnì, wọn ò mira. Orí mi wú. Mo ti ń tún agbádá ṣe láti sọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ nígbà tí bàbá náà fi ọ̀pá kan ògiri gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ibẹ̀, ẹ ṣàánú wa! Ṣé ẹ sùn síbẹ̀ ni?"