Oríkì Okùn, Ọba Ojú Ọ̀nà

Kábíyèsí Okùn, igbákejì ààrẹ! A-nà-gbalaja-lójú-títì. A-dá-bọ́ọ̀sì-dúró-má-fọhùn. A-jẹ-náírà-jẹ-sẹ́fà-má-yó. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí mọ́tò gàgàrà ń wárí fún. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan bá ń palẹ̀ mọ́ ní Soclogbo, ní ilẹ̀ Ìdáàṣà ní orílẹ̀-èdè Benin, láti lọ wo bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, Okùn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ júbà, kí wọ́n tó júbà ẹni tó pè wọ́n.

Irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ nídìí. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló gbilẹ̀ láàárín àwọn òkè Dassa-Zoumè: iṣu, ẹ̀gẹ́, sóyà, kajú. Ìbàdàn sì ni ilé ìwádìí IITA wà láti 1967, tí wọ́n ń mú oríṣi ẹ̀gẹ́ tuntun jáde. Ẹni tó ń din gààrì ní Soclogbo kò nílò ògbufọ̀ bó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń din ín ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ á háyà ọkọ̀, wọ́n á tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sẹ́yìn aṣọ, ọ̀gá á lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ìrán-níṣẹ́. Ó tó igba kìlómítà láti Dassa dé Kútọnu, wọ́n á gba Bohicon kọjá, wọ́n á máa kọrin. Orin máa ń dákẹ́ ní ẹnubodè Sèmè.

Okùn náà kì í ṣe irin, kì í ṣe ide. Náílọ̀n lásán ni, irú èyí tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ti so orí rẹ̀ kan mọ́ igi, wọ́n so àkísà pupa àti ọ̀rá dúdú mọ́ ìbàdí rẹ̀ kí awakọ̀ lè rí i lókèèrè. Orí kejì wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sórí kéréètì bíà lábẹ́ agbòjò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò wọ aṣọ ìjọba. Ẹni tó wọ̀ ọ́ wà nídìí ògiri, ó ń tẹ fóònù. Bí ọkọ̀ bá yọ, Okùn á na tan-an-tan. Ọwọ́ ọmọ ọkọ̀ á yọ lójú fèrèsé, á pàdé ọwọ́ kan nísàlẹ̀, Okùn á sì dùbúlẹ̀ sórí ọ̀dà bí ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Ọkọ̀ á kọjá. Kí awakọ̀ tó fi jíà kẹta sí i, àbúrò Okùn ti ń dúró níwájú.

Okùn kì í bí ọmọ kan ṣoṣo.

Ọ̀mọ̀wé ni pẹ̀lú. Ó gbọ́ Faransé níhìn-ín, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn kan náà ló ń sọ lédè méjèèjì: “Ọ̀gá, àwa náà wà níbí o.” Kì í fi ẹ̀sìn ṣe ojúsàájú. Àwọn Àgùdà tó ń ti Nàìjíríà lọ sí ihò Arigbo ní Dassa lóṣù Kẹjọ ọdọọdún, láti lọ bọlá fún Màríà Wúndíá, rí ojú rere rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé.

Ẹni tí àánú rẹ̀ ṣeni ni Jagun Ọlọ́fin. Ìtàn Ìdáàṣà sọ pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ó ti gbéra kó tó dé àárín òkè mọ́kànlélógójì tí wọ́n fi ń ki Dassa-Zoumè, tó sì dá ìdílé ọba Ọmọ Jagun sílẹ̀ níbẹ̀. Odidi ìrìn àjò láti Ẹ̀gbá dé Ìdáàṣà, kò rí Okùn kan tó máa kí i káàbọ̀! Ó di ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀wé ní 1889, tí ìlà wọn gé Kétu kúrò lára àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lápá ìlà oòrùn, kí a tó rí ibi so Okùn mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má fi í wé oníbodè àtijọ́ o. Oníbodè ń gbowó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọba ló fi í síbẹ̀, ọba ló sì ń jíhìn fún. Ipò Okùn ga ju ìyẹn lọ: kò sẹ́ni tó ń jíhìn fún.

Òfin gan-an ń bẹ̀rù rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ lóṣù Karùn-ún 1975. Ní 1979, wọ́n fọwọ́ sí i ní Dakar pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ní 1982, Kútọnu ni wọ́n ti fọwọ́ sí káàdì adójútòfò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Ní 2018, wọ́n ṣí ibùdó àjọlò ńlá kan ní Sèmè-Kraké, owó àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ni wọ́n fi kọ́ ọ, kí arìnrìn-àjò lè dúró lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Ilé náà rẹwà púpọ̀. Okùn kí i kú oríire, ó sì lọ jókòó síwájú rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa lóṣù Kẹjọ 2019, tí kò ṣí i títí di oṣù Kejìlá 2020, ìrẹsì fàyàwọ́ ṣì ń gba ẹ̀yìn wọlé. Ta ni a rò pé ó ń ṣílẹ̀kùn?

Gbogbo ènìyàn ni Okùn fẹ́ràn, àmọ́ ìfẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yàtọ̀. Ìyá oníṣòwò tó ń ná ọjà Àgbádárìgì mọ iye Okùn bó ṣe mọ iye tòmátì. Ó ti ká owó rẹ̀ sọ́wọ́, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọ aṣọ kan náà, wọ́n di ìwé olóǹtẹ̀ mú, Okùn sì kà á pé owó iléeṣẹ́ ló ń bọ̀ yìí. Olórí ẹgbẹ́ á tún bọ́ sílẹ̀ láti ṣàlàyé òfin 1979! Àlàyé yẹn kì í dín owó kù, wákàtí ló máa ń fi kún ìrìn àjò.

Akápò ni ìyà ń jẹ jù. Bí wọ́n bá padà dé Soclogbo, rìsíìtì ni wọ́n á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ilé ìtura wà. Ti epo wà, àfi bó bá jẹ́ kpayo, epo fàyàwọ́ inú ìgò lẹ́bàá títì, ni wọ́n rà. Ti Okùn dà? Akápò tó gbọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ “omi mímu”. Ẹni tó bá ka ìṣirò náà á rò pé èrò inú bọ́ọ̀sì kan mu odò Wẹ̀mẹ̀ gbẹ láàárín Sèmè sí Àgbádárìgì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó bá ń gbéra, ẹ mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú àti Brown Card ọkọ̀ dání, ẹ sì béèrè rìsíìtì níbikíbi tí wọ́n bá ti gbowó. Ẹ̀yin aṣòfin tó wà ní Àbújá àti Àjàṣẹ́, ibùdó kan tí wọ́n kọ́ sí Sèmè ti tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ká Okùn.