Ẹ̀gbọ́n Fọ́ọ̀mù

Láti Ìkòsì títí dé Alápẹ̀rẹ̀, kò sí ọmọ yunifásítì tí kò mọ Ẹ̀gbọ́n Fọ́ọ̀mù. Bí ọmọ ò bá mọ̀ ọ́n, ìyá ọmọ mọ̀ ọ́n. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà méjì kan ní Kétu ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń jẹ pépà, jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour", àti bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn òbí ń jókòó lé bí aláìsàn tó ń retí dókítà. Ìwé ìkéde sikọ́láṣíìpù ló kún ara ògiri: MTN Foundation, NLNG, Agbami, Jim Ovia. Ọjọ́ ti kọjá lórí púpọ̀ nínú wọn kí àwọn ọmọ tó ń wò wọ́n báyìí tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ̀gbọ́n kì í yọ wọ́n. Ó ní wọ́n ń fi oníbàárà lọ́kàn balẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bá ọmọ ẹni wá sikọ́láṣíìpù. Ọ̀fẹ́ ni ọjà tó ń tà níbi tó ti ń mú un wá. MTN kì í gba owó fọ́ọ̀mù, NLNG kì í gbà á, fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà sì tó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa kì í gba ohun ọ̀fẹ́ gbọ́ bí kò bá sí ẹni tó gbé e gba ẹ̀yìn. Ìgbàgbọ́ yìí ni Ẹ̀gbọ́n fi ń san owó ilé. Kì í sọ pé owó iṣẹ́ lòun ń gbà. "Owó fáìlì" ni. Fáìlì á gbéra ní Kétu, á dé Aláúsá, níbi tí ọ̀gá kan ti ń retí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ọ̀gá Aláúsá yìí rí. Ojú oníbàárà ni Ẹ̀gbọ́n ti máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ọmọ wa ni sà. Wọ́n ti mú nǹkan wá sà." Lọ́jọ́ kan, ibi tó ti ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fóònù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí rẹ̀. Ó ní láìnì méjì ló wà lórí ẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ sí jù ni lẹ́tà tí wọ́n máa ń ní kí ọmọ kọ, láti sọ ìdí tí ìrànlọ́wọ́ fi tọ́ sí i. Ẹyọ kan péré ni Ẹ̀gbọ́n ní. Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà láti ayé Gómìnà Fáṣọlá, orúkọ nìkan ló ń pààrọ̀. Nínú lẹ́tà yìí, abúlé ni wọ́n ti bí ọmọ, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn lọ síléèwé, odò kan wà lọ́nà, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Ọmọ tí wọ́n bí sí Mile 12 nìyẹn o, tí kò mọ nǹkan kan nípa oko ju tòmátì tí tírélà ń kó bọ̀ láti Òkè Ọya.

Alábàárù kan bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wá. Ọmọ náà ń ka lẹ́tà sókè kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á.

"Bàbá ta ló kú?"

"Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Orí pépà lẹ ti kú."

"Mo jókòó síbí o, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ jókòó dáadáa, sà. Àwọn tó ń fúnni lówó kì í káàánú ẹni tí bàbá ẹ̀ wà láyé. Tí wọ́n bá ti sanwó, ẹ ó jí."

Bàbá náà ronú sí i. Ó bèèrè bóyá ìyá ọmọ náà kú pẹ̀lú. Wọ́n ní rárá, ìyá wà. Ó ní tí wọ́n bá kúkú pa ìyá náà mọ́ òun, ṣé owó ò ní lé sí i?

Bọ́sárì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀, ọmọ bíbí Èkó ni wọ́n ń fún. Ìyẹn ò dí Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ó ti sọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ di ọmọ Ìkòsì, ó sì ti sọ ọmọ Ìṣẹ́yìn di ọmọ Agbóyì tí bàbá ńlá rẹ̀ ń pẹja. Ọmọ Iléṣà kan ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní kó ki oríkì ìlú rẹ̀ díẹ̀, ni ọmọ ọlọ́mọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ọwá Obòkun.

Kò sí oore tó lè bá akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ò ní sí níbẹ̀. Nígbà tí owó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní LASU di ₦193,750 ó kéré tán ní 2011, ó dákẹ́. Nígbà tí Gómìnà Fáṣọlá dá a padà sí ₦25,000 ní 2014, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ìwọ́de gba títì, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín pé mò ń bá wọn sọ̀rọ̀." Ní 2023 tí UNILAG fi kún owó, tí owó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fò láti ₦19,000 kọjá ₦100,000, Ẹ̀gbọ́n bá àwọn òbí kẹ́dùn gidigidi, ó sì ra ìnọ́fátà. Tí inú rẹ̀ bá dùn, á ní ká ní Awólọ́wọ̀ mọ òun ni, kò ní ṣòwò kòkó kó tó rí ọ̀nà lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ẹ̀kọ́ ló sọ ọ́ di ọlọ́lá, èyí tí Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lu òfin rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024, tí àjọ NELFUND ń bójú tó. Kò lélé. Iléèwé ni wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún tààrà, ₦20,000 sì wà fún akẹ́kọ̀ọ́ lóṣooṣù láti fi gbọ́ bùkátà. Tó bá wá di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, tí ọmọ ti ríṣẹ́, wọ́n á máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í sọ̀rọ̀ dé ibi ọdún méjì yẹn. "Ẹ̀bùn Ààrẹ" ló ń pè é. Bí ìyá kan bá bi í bóyá wọ́n máa dá a padà, á ní, "Ìyá mi, ta lẹ rí tó dá owó ìjọba padà rí?" Ìbéèrè yẹn, ká sòótọ́, èmi náà ò rí èsì fún un.

Ìwé àjákọ kan wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, igun rẹ̀ ti ká. Inú ẹ̀ lẹ̀mí iṣẹ́ yìí wà. Òun ló ṣí ìméèlì fún ọmọ, nọ́ḿbà fóònù tirẹ̀ ló wà lórí fọ́ọ̀mù, páswọ́ọ̀dù sì wà nínú ìwé pupa yẹn, ọ̀kan náà fún gbogbo wọn. Kódù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, orí fóònù Ẹ̀gbọ́n ló ń bọ́ sí. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti pe òun fún ìdánwò á san ₦500 kó tó rí ìméèlì ara rẹ̀. Wọ́n pe àwọn kan fún ìdánwò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ẹtì ni Ẹ̀gbọ́n ṣí ìméèlì náà. Ó mi orí títí. Ó ní ọmọ àwọn ọ̀gá ni wọ́n gbé e fún.

Ọmọ ìyá aláta kan ní Mile 12 kò bá a dé bẹ́ǹṣì rárá. Ó ti wà ní ọdún kẹta, àmì rẹ̀ ju 3.5 lọ, inú bọ́ọ̀sì BRT ló ti kọ fọ́ọ̀mù MTN lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n pè é, ó ṣe ìdánwò, álẹ́ẹ̀tì wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ₦10,000 nínú náílọ́ọ̀nù dúdú.

"Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun o. Ó ti wọlé."

Ẹ̀gbọ́n ṣí ìwé pupa. Kò rí orúkọ ọmọ náà. Ó pa á dé.

"Ìyá mi, mo ti gbọ́. Ọ̀gá Aláúsá pè mí láàárọ̀ yìí."

"Ọmọ yẹn ní òun nìkan lòun dá a ṣe. Mo ní irọ́ ló ń pa, ẹnìkan ti ní láti bá wa sọ̀rọ̀ ni. Ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má bàa gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó kà á, ó pé. Ó já rìsíìtì fún un.

"Àbúrò ẹ̀ ńkọ́, Ìyá mi? Kíláàsì wo ló wà?"